Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Rírin Ọ̀nà Jíjìn Lórí Òkúta

Lẹ́tà tó wọlé lórí ìrìn-ẹsẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀ kò kéré, bí ẹnikẹ́ni bá sì kà wọ́n tán, yóò rò pé òkúta ní ìjà kan pàtó pẹ̀lú ẹsẹ̀ àwọn òǹkàwé wa. A ti pa àwọn tó jọra pọ̀, a sì gé àwọn tó gùn kúrú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo máa ń rin kìlómítà 30 lóòjọ́ láìsí wàhálà. Mo ṣètò 25 péré fún ọ̀nà olókùúta kan, síbẹ̀ ilẹ̀ ṣú bá mi nígbà tí mo ṣì wà ní 16. Ṣé ara mi ni kò gbé e ni, àbí ìṣirò mi?

Ìṣirò yín ni. Ẹ fi kìlómítà sílẹ̀ tí ẹ bá ń ṣètò ìrìn orí òkúta, wákàtí ni kí ẹ máa kà.

Òfin tí William Naismith, ará Scotland, gbé kalẹ̀ ní 1892 ni ọ̀pọ̀ ètò ìrìn ṣì ń gbára lé: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí a tún fi wákàtí kan kún un fún gbogbo mítà 600 tí a bá gùn. Òfin yìí gbà pé ẹsẹ̀ yóò máa rí ibi gidi tẹ̀. Níbi tí òkúta bá ti dà sílẹ̀ rẹpẹtẹ, tí ojú ní láti wá àyè fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó lókun dáadáa náà kì í sábà kọjá kìlómítà 2 sí 3 ní wákàtí kan. Níbi tí òkúta bá wá tóbi bí ilé, tí a ní láti fọwọ́ gùn ún, ká rá wọ abẹ́ rẹ̀, ká tún jáde lódìkejì, kìlómítà kan péré lè jẹ wákàtí kan tán.

Ẹ wo Mahoosuc Notch ní ìpínlẹ̀ Maine, lójú ọ̀nà Appalachian Trail ní Amẹ́ríkà. Máìlì kan ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 1.6. Àwọn tó ti fẹsẹ̀ rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kí wọ́n tó débẹ̀ ṣì lè lo wákàtí méjì nínú rẹ̀. GR20, ọ̀nà ìrìn-ẹsẹ̀ tó la erékùṣù Corsica ti ilẹ̀ Faransé já, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 180, ìpín 16 ni wọ́n sì pín in sí. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: kìlómítà 11 àti díẹ̀ lóòjọ́, ọjọ́ ọ̀hún kì í sì í ṣe ọjọ́ kúkurú.

Tí ẹ bá ti dórí òkúta, ẹ wo aago níbi tí ẹ lè tọ́ka sí lórí máàpù, ẹ rìn bí ẹ ṣe máa ń rìn, kí ẹ tún wo aago níbi kejì tí ẹ mọ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni ìwọ̀n yín láàárọ̀, nígbà tí ara ṣì le. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nínú rẹ̀ fún ọ̀sán. Ẹ má sì retí pé ẹ óò rí àsìkò tó sọnù gbà padà nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, torí pé lórí òkúta, sísọ̀ kalẹ̀ máa ń pẹ́ tó gígòkè, ó tiẹ̀ lè jù ú lọ. Ẹ ṣètò láti dé ibi tí ẹ máa sùn nígbà tó bá ṣì ku wákàtí méjì kí ilẹ̀ ṣú. Wákàtí méjì yẹn ni ẹ máa fi san gbèsè ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìbéèrè: Ṣé bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí n rà, àbí èyí tó mọ nísàlẹ̀? Èyí tí mo ní báyìí fúyẹ́, ó sì rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ mi á máa ro mí bíi pé wọ́n fi ọmọ odó gún un.

Ọ̀rọ̀ méjì lẹ dà pọ̀ yẹn. Gíga bàtà kọ́ ló ń gún yín, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ni. Ṣónṣó òkúta ń ti rọ́bà àti fóòmù tó rọ̀ wọlé, egungun iwájú ẹsẹ̀ ló sì ń gbà á, ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ọjọ́ kan. Ẹ dán bàtà wò kí ẹ tó rà á: ẹ ti ọwọ́ kan bọ inú rẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò kejì tẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ gidigidi láti ìta, níbi tí ìdí ọmọ ìka máa ń wà. Bí ọwọ́ tó wà nínú bá gbọ́ ọ ketekete, òkúta náà yóò dé ibẹ̀. Àwọn bàtà kan ní ike tẹ́ẹ́rẹ́ líle láàárín fóòmù àti rọ́bà fún ìdí yìí gan-an, ẹ béèrè fún un. Àmọ́ kó má tún le jù. Bàtà tí kò ṣeé tẹ̀ rárá máa ń jókòó sórí òkúta bíi pátákó, tí ẹ̀gbẹ́ kan bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ á yẹ̀ tẹsẹ̀tẹsẹ̀. Èyí tó le láàárín, tó sì tẹ̀ níbi ọmọ ìka, ni kí ẹ mú.

Eyín àtẹ́lẹ̀ bàtà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Eyín gígùn, tó tó mílímítà 5 tàbí 6, ẹrẹ̀ ló wà fún. Lórí àpáta, ṣónṣó eyín nìkan ló ń kan òkúta, ìyókù ò ṣiṣẹ́. Mílímítà 3 sí 4 tó, pẹ̀lú ibi pẹlẹbẹ díẹ̀ nísàlẹ̀ àtàǹpàkò fún ìgbà tí ẹ bá ń gun àpáta. Rọ́bà tó rọ̀ máa ń di òkúta mú ju èyí tó le lọ, ó sì máa ń tètè jẹ. Méjèèjì ò lè wà pa pọ̀, ẹ yan ọ̀kan. Ní tiwa, èyí tó ń dì mú la máa yàn.

Òwe ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tí yóò rin orí àpáta ní tirẹ̀, kó wo ẹnu bàtà dáadáa: kí rọ́bà líle bo iwájú ọmọ ìka, torí ẹ óò fẹsẹ̀ kọ. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ wọn bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lò gan-an. Kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ kan ṣẹ́ kù níwájú ìka tó gùn jù. Fún ìrìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀, èyí sábà máa ń túmọ̀ sí ìdajì sí odidi nọ́ńbà kan ju ti ojoojúmọ́ lọ.

Ní ti gíga, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ máa ń dáàbò bo kókósẹ̀ lọ́wọ́ òkúta tó bá gbá a, kì í sì í jẹ́ kí òkúta wẹẹrẹ wọlé. Ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n kí ẹ wá gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹsẹ̀ ò ní rọ́, a ò ní bá yín fọwọ́ sí i. Iṣan ẹ̀gbẹ́ ojúgun ló ń dá ẹsẹ̀ dúró, ìwúwo tí ẹ bá sì so mọ́ ẹsẹ̀ yóò tètè mú iṣan náà rẹ̀. Tí ẹrù ẹ̀yìn bá wúwo, ẹ lọ sí gíga. Tó bá fúyẹ́, ẹ mú ti ìsàlẹ̀.

Bàtà tó fúyẹ́ sábà máa ń pẹ́ tó kìlómítà 500 sí 800. Òkúta mímú lè má jẹ́ kó dé 500. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìka tó kéré jù ti ń tẹ̀ ló máa ń ya kọ́kọ́, fóòmù inú rẹ̀ sì lè ti kú tipẹ́ láìjẹ́ pé ojú rí i. Bí ìrora àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ bá dé lójijì nínú bàtà tí kò dùn yín tẹ́lẹ̀, bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ìbéèrè: Láàárọ̀ ẹsẹ̀ mi kì í yẹ̀. Láti nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ló máa ń bẹ̀rẹ̀, á yẹ̀ sọ́tùn-ún, á yẹ̀ sósì. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láàárọ̀ gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀, tí agbára kàn ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìṣísẹ̀ gígùn ló máa ń fà á jù. Tí ẹsẹ̀ bá lọ jìnnà síwájú, òkúta tí ẹ kò tíì mọ ìwà rẹ̀ lẹ ti ń gbé gbogbo ara lé yẹn. Tí ìṣísẹ̀ bá kúrú, ara ṣì wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nígbà tí ti iwájú ń tọ́ òkúta wò, ẹ ṣì lè fà á padà.

Ojú kò gbọ́dọ̀ wà lórí bàtà. Mítà 3 sí 4 níwájú ni kó wà. Ẹsẹ̀ yóò rántí ohun tí ojú ti rí. Ẹni tó ń wo ọmọ ìka rẹ̀ á kàn máa bọ́ sínú ohun tí kò yàn. Tí ẹ bá fẹ́ wo òkè, ẹyẹ, tàbí fóònù, ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ti ń rọ́ nìyẹn.

Òkúta wo ni ká tẹ̀? Èyí tí orí rẹ̀ tẹ́jú, tó sì tóbi ju bàtà lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sí àárín rẹ̀, ẹ má tẹ etí, torí òkúta tó tóbi bí tábìlì pàápàá lè mì tí ẹ bá tẹ etí rẹ̀. Tó bá dà gẹ̀rẹ́, ẹ jẹ́ kí gbogbo àtẹ́lẹ̀ bàtà kàn án, kí gìgísẹ̀ náà balẹ̀, kí ara wà lókè ẹsẹ̀ gan-an; ẹni tó bá fà sẹ́yìn nítorí ìbẹ̀rù ló ń yọ̀. Tó bá kéré ju bàtà lọ, ibi ìdí ọmọ ìka ni kí ẹ gbé lé e, kì í ṣe àárín ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe ki ẹsẹ̀ bọ àlàfo tó wà láàárín òkúta méjì tí ọ̀nà mìíràn bá wà: tí ara bá ṣubú nígbà tí ẹsẹ̀ há, egungun ló ń sanwó rẹ̀.

Ẹ wo ara òkúta náà. Èyí tí nǹkan ti hù sí lára, tí àwọ̀ rẹ̀ ti pa dà nítorí oòrùn àti òjò, ti pẹ́ níbẹ̀, ó sábà máa ń dúró, bó bá ti gbẹ. Èyí tó mọ́ kedere, tí ojú ibi tó ti kán ṣì funfun, àlejò ni, kò tíì jókòó. Ẹ fi ẹsẹ̀ tàbí ọ̀pá kan án: èyí tó bá dún bí ìkòkò òfìfo, ẹ yà fún un. Tí ọ̀kan bá sì mì lábẹ́ yín lójijì, ẹ má dúró bá a jà. Ẹ ti máa yan òkúta kejì kí ẹ tó tẹ àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ gbà lọ.

Òkúta wẹẹrẹ tó ń ṣàn lára òkè ní òfin tirẹ̀. Ní sísọ̀ kalẹ̀, gìgísẹ̀ ni kí ẹ fi gún un, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kí òkúta gbé yín lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀ lé ara yín ní ìlà tó tọ́ sísàlẹ̀: ẹni tó wà lókè ló ń ta òkúta sí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Tí ọ̀kan bá já, ẹ pariwo "Òkúta!" lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ kó má gbójú sókè.

Ti ọ̀sán tí ẹ sọ, iṣan ojúgun ló ti rẹ̀. Ẹ jókòó ìṣẹ́jú 5 sí 10 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó mọ̀ pé ó rẹ̀ yín, ẹ jẹ nǹkan, ẹ mu omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìrìn, ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Tó bá ti rọrùn, ẹ dijú ṣe é.

Ìbéèrè: Ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi há sáàárín òkúta, ó sì kán. Ṣé kí n tún ra òmíràn, àbí òkúta kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń lo ọ̀pá?

Ẹ tún rà. Lórí òkúta, ọ̀pá méjì sọ yín di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó sì ń gba díẹ̀ lára ìwúwo tí orúnkún ìbá gbé nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ ẹ ra ti aluminium. Kábọ́ọ̀nù fúyẹ́ jù ú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí òkúta bá ti fá a lára, ibẹ̀ ló máa ti kán lọ́jọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Aluminium máa ń tẹ̀ kó tó kán, ẹ sì lè tẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀díẹ̀ kó gbé yín délé.

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, gígùn tó tọ́ ni èyí tó jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ bí igun ìwé. Ẹ dín in kù ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 fún ìgòkè, ẹ fi iye kan náà kún un fún ìsọ̀kalẹ̀. Tí ẹnu ọ̀pá bá há, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ dúró, kí ẹ fà á jáde ní ọ̀nà tó gbà wọlé. Láàárín òkúta ńlá, ẹ yọ ọwọ́ kúrò nínú ọjá rẹ̀, torí tí ọ̀pá bá há nígbà tí ẹ ń ṣubú, ọrùn ọwọ́ ni ọjá yóò fà. Níbi tí ẹ ti nílò ọwọ́ láti gùn, ẹ ká ọ̀pá sára àpò ẹ̀yìn, kí mẹ́ta nínú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa wà lórí àpáta nígbà gbogbo: ọwọ́ méjì ẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjì ọwọ́ kan.

Ìbéèrè: Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa mí. Orúnkún ń ro, èékánná àtàǹpàkò méjèèjì sì ti dúdú.

Èékánná dúdú túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ ń sáré síwájú nínú bàtà, tó ń fi orí kan ògiri. Ẹ gé èékánná kúrú, kí ẹnu rẹ̀ tọ́, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìrìn. Lẹ́yìn náà, ẹ di gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀: nínú ihò méjì tó kẹ́yìn lókè bàtà, ẹ ki okùn sínú ihò òkè ní ẹ̀gbẹ́ kan náà láìrékọjá, kó fi òrùka kékeré sílẹ̀, ẹ ṣe é fún ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ wá ki orí okùn kọ̀ọ̀kan sínú òrùka òdìkejì, ẹ fà á sísàlẹ̀ kó le, kí ẹ tó so ó. Kí okùn ibi ọmọ ìka má le rárá.

Ti orúnkún, iṣan iwájú itan ló ń ṣe iṣẹ́ bíréèkì, tó bá ti rẹ̀, orúnkún ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ má fò. Àtẹ̀gùn òkúta tó ga tó orúnkún, ẹ jókòó sí i, kí ẹ fi ọwọ́ sọ ara kalẹ̀. Ìtìjú kankan ò sí níbẹ̀. Ìṣísẹ̀ kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀pá méjèèjì sísàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ sì wọn ẹrù: bó bá ti kọjá ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara yín, ẹ tú u palẹ̀, kí ẹ wá ohun tó máa kúrò. Orúnkún tó bá wú, tàbí tó há tí kò ṣeé nà, kì í ṣe ti àárẹ̀ mọ́, dókítà ló ni ín.

Ìbéèrè: Kí ni kí n ṣe sí ìléròrò?

Ẹ tọ́jú rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ooru lásán. Ibi tó bá ti ń gbóná nínú bàtà, ẹ dúró níbẹ̀, kì í ṣe ní orí òkè tó kàn. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ gbọn iyanrìn kúrò, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbẹ, kí ẹ lẹ pílásítà tó lẹ̀ gan-an mọ́ ọn láìjẹ́ kó hunjọ, kí ẹ gé igun rẹ̀ róbótó kó má bàa ká. Tó bá ti gba omi, tó sì ń dùn, ẹ fọ ọwọ́ àti ibẹ̀, ẹ fi ọtí ìpakòkòrò nu abẹ́rẹ́, ẹ lu etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi méjì, ẹ tẹ omi jáde, ẹ má bó awọ òkè rẹ̀, kí ẹ bò ó. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ lu tirẹ̀. Tí pupa bá ń tàn kúrò níbẹ̀, tàbí tí ọyún bá jáde, ìrìn ti parí.

Ìbéèrè: Òjò àti òkùnkùn ńkọ́?

Òjò máa ń yí ohun tí a sọ lókè padà: òkúta tí nǹkan hù sí lára, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ló ń yọ̀ jù báyìí. Gíránáìtì àti òkúta oníyanrìn tó rí ṣákaṣàka ṣì ń di bàtà mú nígbà tó tutù. Òkúta ẹfun tí ẹsẹ̀ ti fá dán máa ń dà bí ọṣẹ. Gbòǹgbò igi tí èèpo rẹ̀ ti bó, ẹ gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi sàmì sórí òkúta náà ń yọ̀, ẹ wò ó, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Lórí Appalachian Trail, àmì náà jẹ́ ọ̀dà funfun, sẹ̀ǹtímítà 5 ní ìbú, 15 ní gíga. Méjì lórí ara wọn túmọ̀ sí pé ọ̀nà fẹ́ yà. Nínú òkúta tó dà sílẹ̀, kò sí ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ lè mọ̀, nítorí náà ẹ dúró síbi àmì kan títí ẹ fi rí èkejì.

Lálẹ́, ẹ yọ tọ́ọ̀ṣì kúrò lórí, kí ẹ mú un lọ́wọ́ ní ìbàdí. Ìmọ́lẹ̀ tó ti iwájú orí wá ń pa òjìji rẹ́, ihò àti òkúta á wá dà bí ọ̀kan náà. Láti ìbàdí, òjìji á gùn, ẹ óò sì rí bí ilẹ̀ ṣe ga tó.

Ìbéèrè: Tí ẹsẹ̀ bá rọ́ níbi tó jìn sí ìrànlọ́wọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá egungun ló ṣẹ́?

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí ìrora àkọ́kọ́ kọjá. Àwọn dókítà ní Ottawa, Kánádà, gbé ìlànà kan jáde ní 1992 tí àwọn oníṣègùn ṣì ń lò káàkiri. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀yìn egungun kókósẹ̀, ti inú àti ti òde, láti ṣónṣó rẹ̀ lọ sókè fún sẹ̀ǹtímítà 6. Ẹ tẹ egungun tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ òde àárín ẹsẹ̀, ní ìdí ìka tó kéré jù, àti ti ẹ̀gbẹ́ inú níwájú kókósẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbìyànjú ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Bí ọ̀kankan nínú àwọn egungun yẹn bá dùn bí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, tàbí tí ìṣísẹ̀ mẹ́rin kò bá ṣeé ṣe, ẹ kà á sí pé egungun lè ti ṣẹ́: ẹ pe ìrànlọ́wọ́, ẹ má rìn ín. Tí ẹsẹ̀ bá wọ́, tàbí tí ọmọ ìka tutù tó sì kú tìpìrì, kò tún sí ohun tí ẹ ń dán wò mọ́.

Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù fún ìṣẹ́jú 15 bí odò bá wà nítòsí, ẹ fi báńdéèjì dì í ní àwòrán nọ́ńbà 8 yí kókósẹ̀ àti àárín ẹsẹ̀ ká, kí ẹ tètè ki í padà sínú bàtà, torí tó bá wú tán, kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹrù yín, kí àwọn tí ẹ jọ ń lọ pín in gbé. Ẹ gba ọ̀nà tó kúrú jù jáde, kódà bí ó bá túmọ̀ sí pípadà sẹ́yìn.

Ìbéèrè: Omi mélòó ni kí n gbé lórí òkè olókùúta?

Ìdajì lítà fún wákàtí kan, lítà kan nígbà tí oòrùn bá mú. Wákàtí la fi kà á, ẹ kíyè sí i: kìlómítà 10 orí òkúta lè jẹ́ wákàtí 5, ẹni tó fi kìlómítà ṣírò omi rẹ̀ ni òùngbẹ máa ń pa. Omi òjò sì máa ń wọ abẹ́ òkúta lọ, ẹ lè máa gbọ́ ìró rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ kí ọwọ́ má tó o, nítorí náà ẹ pọn ún kún kí ẹ tó kúrò ní àfonífojì. Ẹ sè é kó hó fún ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ bá ti kọjá mítà 2,000. Tó bá jẹ́ asẹ́ oníhò tíńtín lẹ ń lò, ẹ mú un wọ inú àpò ìsùn ní alẹ́ tí òtútù bá le: tí omi inú rẹ̀ bá dì, ihò rẹ̀ á ya, ojú ò sì ní rí i.